Kàkó Náà Lẹ́nu: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Tó Yẹ Igbákejì Akọni

Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ọba rán Àkàrà-ògùn níṣẹ́ lọ sí Òkè Láńgbòdó, Àkàrà-ògùn sì ń kó àwọn ògbójú tí yóò bá a lọ jọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló bá nílẹ̀. Obìnrin tí Kàkó fẹ́ fi ṣaya di mọ́ ọn, ó ní kò ní í lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó ṣá obìnrin náà pa, ó gbé kùmọ̀ rẹ̀, wọ́n bọ́ sọ́nà. Kò gba ojú ewé púpọ̀. Ìtàn kò dúró sunkún ẹni tó kú, nítorí ìtàn Àkàrà-ògùn là ń kà, kì í ṣe ti Kàkó.

Bí ẹnìkan bá kówó lé mi lọ́wọ́ pé kí n ṣe fíìmù fún Kàkó nìkan, ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní í dé Láńgbòdó rárá. Ta ló sin òkú? Kí ni wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀? Ká ní Kàkó padà wálé lọ́jọ́ kan, tí ìlú ń fi ìlù pàdé àwọn akọni, tí ìyá ìyàwó náà sì wà láàárín èrò, tó ń wo kùmọ̀ tó wà léjìká ọkùnrin yìí. Eré ti dé nìyẹn, láìsí iwin kan ṣoṣo níbẹ̀.

Irú fíìmù wo ló yẹ igbákejì akọni, ẹni tó ń gbé apó tẹ̀lé ọ̀gá, tó mọ ẹ̀yìn ọ̀gá ju ojú rẹ̀ lọ? Hollywood ti ń náwó gọbọi lórí ìbéèrè yìí láti ogún ọdún sẹ́yìn ó lé. Àwa náà ti ń dáhùn rẹ̀ láti ayé Fágúnwà, bí a kò tilẹ̀ fún un lórúkọ. Èrò tèmi ni pé gbèsè ló ń bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọ̀gá máa ń sáré, bó sì ṣe ń sáré ló ń jẹ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbèsè: òkú tí a kò sin, ìlérí tí a kò mú ṣẹ, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹ̀yìn gbé mì nítorí pé ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Fíìmù tó bá lọ béèrè gbèsè yẹn sábà máa ń dára. Èyí tó kàn bọ́ ẹ̀wù ọ̀gá wọ ọmọ ẹ̀yìn, ẹ̀wù náà á máa wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e ni.

Ọmọ tó ń dàgbà ní Boni, nílẹ̀ Ṣábẹ ní Bẹ̀nẹ̀, mọ Batman. Faransé ni Batman ń bá a sọ. Ó mọ Robin náà. Robin dé sínú ìwé àwòrán ní 1940, ọdún kan péré lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Batman ti gba fíìmù lọ́tùn-ún lósì láti ìgbà náà. Robin, tí ì bá ti di bàbá àgbà, kò tíì rí fíìmù kan tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ṣe fún òun nìkan. Ní 2017 Warner Bros. kéde pé àwọn yóò ṣe ọ̀kan lórí Nightwing, ìyẹn Robin tó ti dàgbà tó sì ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá. A ṣì ń retí rẹ̀. Ti Batgirl tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ: wọ́n ti yà á, owó tí wọ́n ní ó gbà sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 90 dọ́là, kí ilé-iṣẹ́ kan náà tó sọ ní oṣù Kẹjọ 2022 pé kò ní í jáde. Ọ̀gá kan náà, ilé kan náà, ọmọ ẹ̀yìn méjì tí wọn kò jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà.

Nínú àwọn tó jáde, èyí tó ṣubú pọ̀. Ní 2004 Halle Berry ṣe Catwoman. Àwọn tó kọ ọ́ yọ Batman kúrò níbẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ Catwoman fúnra rẹ̀ kúrò pẹ̀lú: wọ́n fún obìnrin náà lórúkọ mìíràn, wọ́n fún un níṣẹ́ mìíràn, gbogbo ohun tó wà láàárín òun àti Batman fún ọgọ́ta ọdún, ìfẹ́ tó ń di ìjà, ìjà tó ń di ìfẹ́, wọ́n dà á sígbó. Ó wá ku aṣọ awọ àti pàṣán. Owó tó pa kò tó èyí tí wọ́n ná. Nígbà tí àwọn tó máa ń fi fíìmù tó burú jù lọ́dún ṣẹ̀sín pe Halle Berry ní 2005 pé kó wá gba àmì ẹ̀yẹ tiwọn, ó lọ, ó gbé Oscar rẹ̀ dání lọ́wọ́ kejì. Ìyẹn nìkan dùn ju fíìmù náà lọ. Elektra tẹ̀ lé e sí kòtò ní ọdún yẹn gan-an: obìnrin tó kú nínú Daredevil ní 2003, wọ́n jí i dìde, wọ́n fi idà lé e lọ́wọ́, wọ́n sì sáré kọjá lórí ìbéèrè tí gbogbo wa fẹ́ bi òkú tó bá padà wá.

Ti Black Widow ló ń dùn mí. Natasha Romanoff wọlé ní 2010, nínú Iron Man kejì, bí akọ̀wé ọ́fíìsì lójú, amí ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí The Avengers fi jáde ní 2012, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ní gbèsè tí òun fẹ́ pa rẹ́, gbèsè ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì dárúkọ ọmọbìnrin kan tó wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ láti 2012. Wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án rìn kọjá níwájú rẹ̀. Wọ́n pa obìnrin náà nínú Endgame ní 2019, ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá rántí ṣe fíìmù rẹ̀, ó sì jáde ní 2021. Fíìmù náà lọ sí ibi tó yẹ kó lọ. Ó wá ọmọbìnrin yẹn kàn. Ṣùgbọ́n òǹwòran tó mọ̀ pé ẹni tí òun ń wò ti kú kò lè bẹ̀rù fún un mọ́. Abájọ tí Yelena, àbúrò rẹ̀ inú fíìmù náà, fi gba gbogbo eré náà mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì jẹ́ pé òun ló wà níwájú nínú Thunderbolts* ní 2025. Igbákejì igbákejì ló jogún.

Ológbò kan ló ṣe é dáadáa. Puss in Boots wá sínú Shrek kejì ní 2004 bí apànìyàn tí wọ́n fowó rán, ó sì di ọ̀rẹ́ tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Fíìmù tirẹ̀ àkọ́kọ́, 2011, ò dára ò burú. Ṣùgbọ́n The Last Wish, 2022, bá a débi tí Shrek kò lè bá a dé: ẹ̀mí mẹ́sàn-án ni ológbò ní, ó ti fi mẹ́jọ ṣeré, ó ku ọ̀kan, ẹ̀rù ikú sì bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi sá lọ fara pamọ́ sílé ìyá arúgbó kan bí ológbò ilé lásán. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ tó ń ṣe nígbà tó wà lẹ́yìn Shrek wá ní ìtumọ̀ mìíràn. Kò sí ẹni tó wá Shrek níbẹ̀. (Ti àwọn Minions, 2015, tí owó rẹ̀ kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là, n kò ní í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Owó ni ìyẹn.)

Fágúnwà ti ṣe irú èyí kí gbogbo wọn tó dé. Nínú ìwé 1938 yẹn, bàbá Àkàrà-ògùn gba ojú ewé díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: ọdẹ ni, olóògùn ni, ó fẹ́ àjẹ́ láì mọ̀, ó yìnbọn lu ẹranko nínú oko, ẹranko náà sì jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Òun náà kú láìpẹ́, ìtàn sì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ní 1949, Fágúnwà padà sẹ́yìn lọ gbé ọkùnrin yìí. Igbó Olódùmarè ni ìwé Olówó-ayé, nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń bá Èṣù-kékeré-òde wọ̀yá ìjà, tó ń fọ́nnu bí ẹni tí ikú kò mọ ilé rẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n òǹkọ̀wé náà wà ni pé ẹni tó ti ka ìwé kìíní mọ ibi tí ayé ọkùnrin yìí ń lọ. Gbogbo ìfọ́nnu rẹ̀ ń ta létí lọ́nà méjì. Èyí ni Black Widow gbìyànjú láti ṣe tí kò bọ́ sí i, nítorí pé Olówó-ayé kò tíì di ẹni tí a mọ̀ dáadáa kó tó kú, ikú rẹ̀ ló jẹ́ ká fẹ́ mọ̀ ọ́n. Natasha, a ti mọ̀ ọ́n tó láti fẹ́ kó yè.

Ó sì ṣẹ́ ku púpọ̀ nínú àpò Fágúnwà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ìmọ̀dòye, ọlọgbọ́n àárín wọn, ààjà gbé e lọ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì fi ọdún méje gbé lọ́dọ̀ ààjà, ataare kan ló ń jẹ lójúmọ́. Ọdún méje! Gbólóhùn díẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, ó sì tún jẹ́ ọdẹ. Ṣé ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹtu ń sọ ni yóò tún máa yìnbọn lu ẹtu lójoojúmọ́ láìsí ohun tó ń ṣe é nínú? Ẹ má jẹ́ kí n tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Yánníbo nínú àlọ́. Òun ló ń wá ọmọ, òun ni babaláwo se àsèjẹ fún, ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, láti ìgbà náà ikùn Ìjàpá ni gbogbo wa ń wò tí a ń fi rẹ́rìn-ín. Yánníbo ṣì ń wá ọmọ.

Ní ti ìtàn Ọ̀yọ́, Tìmì àti Gbọ́nkáà ni igbákejì méjì tó lágbára jù tí mo mọ̀. Balógun Ṣàngó ni wọ́n. Dúró Ládípọ̀ gbé e sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní 1963, Ọba Kò So, ó sì gbé e dé Berlin ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù àwọn méjèèjì ń ba ọba. Ó rán Tìmì Ọlọ́fà-iná lọ sí Ẹdẹ kó lọ ṣọ́ bodè, pẹ̀lú èrò pé yóò ṣègbé síbẹ̀, Tìmì gbilẹ̀. Ó rán Gbọ́nkáà kó lọ mú un wá. Gbọ́nkáà mú un. Ọba tún ní kí wọ́n jà lójú òun. Ìgbà yẹn ni Gbọ́nkáà rí i kedere pé ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn padà sílé, ó sì yíjú sí ọ̀gá. Nínú eré Ládípọ̀, Ṣàngó ló ni ìtàn, òun la ń káàánú, òun ló di òrìṣà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Ẹdẹ. Tìmì ni oyè ọba wọn títí dòní. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ní Ọ̀yọ́ ni baba ìlú níbẹ̀, Ṣàngó sì jẹ́ ọba ọ̀nà jíjìn tó rán baba wa wá sí ibi tó yẹ kó ti kú. Kò sí ohun tí a fi kún ìtàn náà, kò sí ohun tí a yọ. Ibi tí a jókòó sí ló yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù Tìmì, kó má wulẹ̀ kọ́ ààfin Ọ̀yọ́ rárá. Kó ya ojú ọ̀nà tó wọ Ẹdẹ, kó ya ọkùnrin tó dúró síbẹ̀ tó ń ro bó ṣe jẹ́ pé ìgbéga tí wọ́n fún òun rí bí ìdájọ́ ikú.

Àwọn òṣèré wa fúnra wọn ti fi ayé wọn ṣe irú fíìmù yìí. Orúkọ ọ̀gá ni ẹgbẹ́ alárìnjò máa ń jẹ́: ẹgbẹ́ Ògúndé, ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀, ẹgbẹ́ Ọ̀yìn Adéjọbí. Lẹ́yìn orúkọ yẹn ni ènìyàn bíi mélòó kan ń sùn nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń ru àpótí, tí wọ́n sì ń ṣe ẹni kejì lórí ìtàgé. Adéyẹmí Afọ́láyan, Ade Love, wà lábẹ́ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ká ní ó lọ so agogo orí tábìlì mọ́ ọwọ́ bíi ti Bàbá Sàlá ni, tó sì lọ ra ìgò ojú ràgàjì, a kì bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ó yà kúrò pátápátá nínú ẹ̀fẹ̀. Ìfẹ́, ìyà, ìjà fún ilẹ̀, orin: òun ni olú òṣèré Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní 1976, òun náà ló wà nínú Ìjà Òmìnira ní 1979, látinú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, òun ló sì darí Kádàrá fúnra rẹ̀ ní 1980. Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, pẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀yìn Adéjọbí kí Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ tó sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká ní 1993. Lérè Pàímọ́ kúrò lábẹ́ Dúró Ládípọ̀. Adébáyọ̀ Sàlámì gba ọ̀pá lẹ́yìn ikú Òjó Ládípọ̀, Bàbá Mẹ́rò, kò sì gbìyànjú láti di Bàbá Mẹ́rò kejì. Ọ̀gá Bello ló dà. Gbogbo wọn ló mú ohun kan kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, kò sí ẹni tó mú ojú ọ̀gá.

Kì í ṣe gbogbo igbákejì ló tó eré dá ṣe o. Ẹ wo Ọ̀pálábá nínú Sawóróidẹ, fíìmù Túndé Kèlání ti 1999. Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe é, kò sì sí ẹni tó wò ó tí yóò gbàgbé ohùn yẹn. Nígbà tí wọ́n tún padà sí Jogbo, ìlú inú fíìmù náà, nínú Agogo Èèwọ̀ ní 2002, ọba Lápité ti lọ, ọba tuntun ti wà lórí ìtẹ́, àwọn ìjòyè olójúkòkòrò ṣì wà ńlẹ̀, ilẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu bí Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó kọ ọ́, bá fẹ́ gbé Ọ̀pálábá sí àárín. Kò gbé e. Ó dáa bí kò ṣe gbé e. Ọ̀pálábá kò fẹ́ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ni a fi ń wo àwọn tó ń fẹ́. Mú un sí àárín, wàá ní arúgbó ọlọgbọ́n kan tó ń pòwe fún wákàtí méjì. Aláwàdà náà nìyẹn, àti olùkọ́ akọni, àti ọ̀rẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ pé «máa rọra o». Ẹni tí kò sí ohun tó ń wá, tí a kò sì jẹ lóhun kan, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó ti dára.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká, ibi tó ti kàn mí jù nìyí. Nígbà tí Black Panther jáde ní 2018, àwọn obìnrin olórí fífá tó ń ṣọ́ ọba Wakanda, Dora Milaje, gba ojú gbogbo ayé, Okoye pàápàá. Kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi mọ ibi tí wọ́n ti rí àwòṣe wọn: àwọn obìnrin jagunjagun Dàhọ̀mì, Agójìé. Ní 2022, àwọn ẹ̀ṣọ́ gba fíìmù tiwọn, The Woman King, tí Gina Prince-Bythewood darí, Viola Davis ni ọ̀gágun wọn, Nanisca. Ní ọdún kan náà, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣí ère obìnrin jagunjagun kan tó ga ní mítà 30 ní Kútọnu. Ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró lẹ́yìn ọba ti dúró níwájú òkun. Bí a bá ń wá fíìmù igbákejì tó ṣe àṣeyọrí, ṣé a tún ń wá òmíràn ni?

Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sí Boni kí ẹ wò ó. Àwọn òkè Ṣábẹ tó yọrí lókè ìlú, tí àwọn àlejò ń yàwòrán rẹ̀, ìtàn ilé wa sọ pé ibẹ̀ ni àwọn baba ń sá gùn nígbà tí ogun Dàhọ̀mì bá ń bọ̀. Kétu tó wà nísàlẹ̀ wa, àwọn ọmọ ogun yẹn ló fọ́ ọ ní 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbọ́mẹ̀. Agójìé wà nínú ogun Dàhọ̀mì. Fíìmù náà gbé ara rẹ̀ sí 1823, ọdún tí Gezo, ọba Dàhọ̀mì, bọ́ kúrò lábẹ́ ìsìn Ọ̀yọ́, ìyẹn jẹ́ òtítọ́. Ó wá ní kí Nanisca máa bẹ ọba pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀ kó máa ta epo pupa. Gezo tí ìtàn mọ̀ ń ta ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1823.

N kò bínú sí fíìmù náà nítorí pé ó yí ìtàn. Eré kì í ṣe ìwé ìtàn, Dúró Ládípọ̀ pàápàá yí ti Ṣàngó sí bó ṣe fẹ́. Ohun tí mo rí ni pé gbèsè wà ńlẹ̀, gbèsè tó tóbi ju ti Natasha lọ, wọ́n sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú látinú ìlú tí wọ́n fọ́, tí àwọn kan nínú wọn sì padà di Agójìé fúnra wọn: obìnrin tó ń gbé idà fún ọba tó fọ́ ilé bàbá rẹ̀. Kí ló ń rò lálẹ́? Ìyẹn ni fíìmù ẹ̀ṣọ́, kò sì sí òmíràn. Izogie, tí Lashana Lynch ṣe, sún mọ́ ọn díẹ̀, nítorí pé ìrora ilé ló gbé e dé ààfin, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ sì bo nǹkan mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá wà níwájú kámẹ́rà, n kì í rántí ọba. Ìyókù, wọ́n fọ ojú ààfin mọ́ kí ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ lè mọ́. Fíìmù igbákejì tó ń bá ọ̀gá parọ́, fíìmù ọ̀gá ni, ẹni yòówù kó wà nínú àwòrán ìpolówó rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ́ ọ. Jenifa ti Fúnkẹ́ Akíndélé, 2008, sá kúrò lábúlé lọ di ọmọ ìgboro. Ní 2019 Aiyetoro Town padà sí abúlé náà. Ìgbésẹ̀ tó tọ́ gan-an nìyẹn, nítorí pé àwọn tí akọni sá fi sílẹ̀ ni a jẹ ní gbèsè jù. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọ́láyan, 2022, pa Ṣàró, akọni rẹ̀, ní ìparí. Nígbà tó padà dé bí eré alápá púpọ̀ ní 2024, gbèsè gidi ni wọ́n fi jí i dìde: àwọn òkú tó ti jí, kó wá kó wọn padà síbi tó yẹ. Mo pàtẹ́wọ́. Síbẹ̀ gbèsè Ṣàró ni, akọni náà tún ni. Àrọ́lákẹ́, olólùfẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ mú adó tó ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà. Láìsí i, Ṣàró ì bá ti jẹrà lábẹ́ igi. Ìbéèrè ìdí tó fi gbé e lé ọkùnrin lọ́wọ́, tí kò fi pa á mọ́ fún ara rẹ̀, ìyẹn tó fíìmù kan odindi, Bímbọ́ Adémóyè sì tó ẹni tí yóò gbé e.

Ti King of Boys ló fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín fíìmù gbèsè àti fíìmù ẹ̀wù ọ̀gá hàn mí kedere. Nínú fíìmù Kẹ́mi Adétiba ti 2018, àwọn méjì ló wà lábẹ́ Ẹniọlá Sàlámì tí òǹwòran kò gbàgbé. Mákanáki, tí olórin Reminisce ṣe, ń fẹ́ àga ìyá náà. Adé Tiger, tí Titi Kútì ṣe, kò fẹ́ nǹkan kan tó fẹnu sọ; ó kàn ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń gbé òkú kúrò nílẹ̀. Èrò ojú pópó ni pé Mákanáki ló tó fíìmù tirẹ̀, nítorí pé ariwo rẹ̀ pọ̀, nígbà tó sì padà yọjú nínú The Return of the King ní 2021, inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n fíìmù Mákanáki kò lè ju fíìmù Ẹniọlá lọ: ọmọ òtòṣì kan tó ń pa ènìyàn gòkè dé orí àga. A ti wò ó. Adé Tiger ni a kò mọ̀. Ohun tí obìnrin yẹn ṣe fún un tó fi ń gba ọta ìbọn dúró fún un, a kò rí i. Ẹni tó ń dúró dè é nílé, bó bá wà, a kò rí i.

Kò ní í gbowó púpọ̀ pàápàá, àǹfààní kan tí fíìmù igbákejì ní lórí ti ọ̀gá nìyẹn: kò sí ogun, kò sí ààfin, kò sí iná tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà dá. Ọ̀sẹ̀ kan péré, kí Ẹniọlá Sàlámì ti rin ìrìn àjò. Kí ọmọkùnrin kan tí Adé Tiger gbé òkú bàbá rẹ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà kan wá béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, láì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kí ó gbà á síṣẹ́. Kí ó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kí a gbọ́ ohùn ìyá náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, tó ṣe Ẹniọlá, bá fi ojú kan kámẹ́rà, ojú ẹnikẹ́ni kò ní í sí lára Adé Tiger mọ́. Bí àwọn olówó bá sì ní àfi kó yọjú kí fíìmù náà tó tà, kí wọ́n kúkú dá owó náà padà sínú King of Boys, kí Adé Tiger máa bá ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ lọ.